Títo fáìlì sọ́fíwià sí àká ìta gbangba àti ṣíṣe atọ́ka rẹ̀

Ẹni tó wá daunlóòdù sọ́fíwià nínú àká yín kò ní ju ìbéèrè méjì lọ: níbo ni fáìlì tí mò ń wá wà, ṣé òun gan-an sì ni mo gbà yìí? Bí àká bá lè dáhùn méjèèjì láìjẹ́ pé ẹnì kan ní láti kọ̀wé sí alábòójútó, iṣẹ́ ti ṣe. Àwọ̀ ojú ìwé àti bọ́tìnnì ńláńlá lè dúró di ọjọ́ mìíràn.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ní sáfà Linux kan lọ́wọ́, tí fáìlì tó wà lórí rẹ̀ sì ti pọ̀ kọjá ohun tí ojú lásán lè tò. Ohun kan ló gbé gbogbo rẹ̀ ró: ibi tí fáìlì wà kò gbọdọ̀ yí padà, ohun tí a mọ̀ nípa fáìlì ló lè yí padà. Nítorí náà, ohunkóhun tó lè yí padà, inú atọ́ka la ó kọ ọ́ sí. A ò ní fi í ṣe orúkọ fódà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tó wà nílẹ̀

Ẹ má tíì gbé fáìlì kankan kúrò níbi tó wà. Ẹ kọ́kọ́ wá àwọn tó jẹ́ ohun kan náà lábẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àṣẹ kan ṣoṣo tó fún un:

    find . -type f -exec sha256sum {} + | sort | uniq -w64 -D

Àmì 64 tó ṣáájú ìlà kọ̀ọ̀kan ni checksum SHA-256 ti fáìlì náà, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ tí kọ̀ǹpútà ṣírò láti inú ohun tó wà nínú rẹ̀. Fáìlì tí tiwọn bá dọ́gba, ohun kan náà ló wà nínú wọn, orúkọ yòówù kí wọ́n máa jẹ́. Kò ní yani lẹ́nu bí `setup_new.exe`, `setup_final.exe` àti `setup_final2.exe` bá jẹ́ fáìlì kan ṣoṣo.

Òdìkejì rẹ̀ ló léwu jù: orúkọ kan náà nínú fódà méjì, àmọ́ tí ohun inú wọn yàtọ̀. Èyí ni àṣẹ tó ń tú wọn síta:

    find . -type f -printf '%f\n' | sort | uniq -d

Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀, ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́. Nígbà tí ẹ bá sì ń kó fáìlì lọ sí ààyè tuntun, `rsync -a` tàbí `cp -p` ni kí ẹ lò, kí ọjọ́ tó wà lára fáìlì má bàa sọ nù. Fún sọ́fíwià àtijọ́ tí kò ní nọ́ńbà ẹ̀dà, ọjọ́ yẹn lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tó kù nípa ìgbà tó jáde.

Ìgbésẹ̀ kejì: fódà tí kò ní dá wàhálà sílẹ̀ lọ́la

Àwọn àká àtijọ́ bíi SIMTEL20, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gba sọ́fíwià MS-DOS nígbà náà lọ́hùn-ún, irú iṣẹ́ tí sọ́fíwià ń ṣe ni wọ́n fi pín fódà. Ó dùn ún wò, àmọ́ ó ń fa àríyànjiyàn. Níbo ni ẹ fẹ́ fi sọ́fíwià tó ń ya àwòrán, tó tún ń to ìwé fún títẹ̀, sí? Ẹni tó gbé e wọlé rò ó sí ọ̀nà kan, ẹni tó ń wá a rò ó sí òmíràn. Tó bá di ọdún mélòó kan, alábòójútó tuntun á dé, á gbé e lọ síbi tó tọ́ lójú tirẹ̀, gbogbo líǹkì tó ti wà níta á sì kú.

Irú ìṣòro yìí náà ni Debian, irú Linux kan tó ní àká sọ́fíwià tirẹ̀, bá jìjàkadì. Tẹ́lẹ̀, inú fódà ìtẹ̀jáde kọ̀ọ̀kan ni fáìlì rẹ̀ ń gbé. Bí sọ́fíwià kan bá yege ìdánwò, tó fẹ́ bọ́ sí ìtẹ̀jáde mìíràn, wọ́n ní láti gbé fáìlì rẹ̀ láti fódà kan sí òmíràn. Gbogbo mirror, ìyẹn àwọn sáfà tó ń ṣe àdàkọ àká náà káàkiri ayé, á tún un daunlóòdù bí ẹni pé ohun tuntun ni, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà kan ò yí padà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2000 ni wọ́n wá gbé ètò `pool` kalẹ̀. Láti ìgbà náà, inú `pool/` ni fáìlì ń gbé, lábẹ́ lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Inú `dists/`, ní tirẹ̀, kìkì àkọsílẹ̀ ló wà níbẹ̀, tó ń sọ fáìlì wo ló wà nínú ìtẹ̀jáde wo. Sọ́fíwià lè ti ipò kan bọ́ sí òmíràn báyìí kí fáìlì rẹ̀ má sì kúrò lójú kan. Àkọsílẹ̀ nìkan ni wọ́n ń tún kọ.

Ẹ ṣe tiyín bẹ́ẹ̀, kó kàn kéré jù ú lọ:

    pub/olukawe/2.4.1/olukawe-2.4.1-linux-x86_64.tar.gz

Orúkọ sọ́fíwià, nọ́ńbà ẹ̀dà, fáìlì. Ó tán. Ẹ má fi ipele lẹ́tà kún un àyàfi tí orúkọ sọ́fíwià bá ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí ẹ bá sì fi kún un, ẹ mọ̀ pé lẹ́tà kì í pín nǹkan dọ́gba. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `lib` pọ̀ ní Debian débi pé wọ́n ní láti pín wọn sí `liba`, `libb`, `libc` títí lọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ kó hàn nínú àdírẹ́sì rárá: `beta`, `new`, `old`, `stable`, orúkọ ẹ̀ka iléeṣẹ́ tó ṣe sọ́fíwià, orúkọ ẹni tó gbé e wọlé. Gbogbo wọn ló ń yí padà. Bí àwọn ènìyàn bá ń fẹ́ líǹkì tí yóò máa fún wọn ní ẹ̀dà tuntun jù lọ nígbà gbogbo, ẹ jẹ́ kí `olukawe/latest` jẹ́ symlink, ìyẹn orúkọ tó kàn ń tọ́ka sí ibòmíràn, tàbí kí sáfà máa darí wọn lọ sí orúkọ gidi. Ẹ má ṣe àdàkọ fáìlì tí ẹ ó wá sọ ní `olukawe-latest.tar.gz`. Ẹni tó bá gbà á lónìí kò ní mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Fódà tí fáìlì tuntun ń kọ́kọ́ bọ́ sí, èyí tí wọ́n sábà máa ń pè ní `incoming`, kò gbọdọ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti kà. Nígbà tí FTP (ọ̀nà àtijọ́ tí a ń gbà gbé fáìlì láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn) tí kò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà gbòde, àwọn tó ń pín sọ́fíwià olówó lọ́nà àìtọ́ máa ń wá fódà bẹ́ẹ̀ kiri, wọ́n á kó ẹrù wọn sí i, wọ́n á sì fi àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ara wọn. Alábòójútó á kàn rí i pé dísìkì ti kún.

Ìgbésẹ̀ kẹta: orúkọ fáìlì

Kí orúkọ fáìlì lè dá dúró. Ẹni tó bá rí i nínú fódà Downloads tirẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, tí kò rántí ibi tó ti gbà á mọ́, gbọ́dọ̀ mọ ohun tó jẹ́, ẹ̀dà tó jẹ́, àti irú kọ̀ǹpútà tó wà fún. Ìdí nìyẹn tí orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀dà fi tún jáde nínú àpẹẹrẹ òkè yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fódà ti sọ wọ́n.

Lẹ́tà kékeré nìkan ni kí ẹ lò. Lórí Linux, `Olukawe.zip` àti `olukawe.zip` jẹ́ fáìlì méjì. Ẹni tó bá kó méjèèjì sórí Windows tàbí macOS bí wọ́n ṣe ń wá látilẹ̀, ọ̀kan á gorí èkejì. Ẹ má fi àlàfo sáàárín orúkọ. Ẹ sá fún àwọn àmì tí Windows kò gbà: `< > : " / \ | ? *`. Orúkọ bíi `con`, `aux`, `prn` àti `nul` pẹ̀lú, Windows ti fi wọ́n pa mọ́ fún ara rẹ̀ láti ayé MS-DOS.

Ó lè ro àwa tó ń kọ Yorùbá lára, ṣùgbọ́n ẹ má fi àmì ohùn sórí orúkọ fáìlì. Lẹ́tà ọ́ nìkan, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà kọ ọ́ ju ẹyọ kan lọ. Ó lè jẹ́ ọ tí a fi àmì lé lórí, ó lè jẹ́ ó tí a fi àmì sí nísàlẹ̀, ó sì lè jẹ́ o lásán tí àmì méjèèjì tẹ̀ lé. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú Linux, orúkọ mẹ́ta ni, líǹkì tí ẹnì kan bá sì fọwọ́ tẹ̀ lè má bá èyí tó wà lórí sáfà mu. Inú àpèjúwe ni kí ẹ ti kọ Yorùbá yín kó pé pérépéré, pẹ̀lú UTF-8.

Ọjọ́ tó bá máa wà nínú orúkọ, ọdún ni kó ṣáájú, kí oṣù tẹ̀ lé e, kí ọjọ́ gbẹ̀yìn: `2024-03-07`. Bẹ́ẹ̀ ni ISO 8601 là á sílẹ̀, àǹfààní rẹ̀ sì ni pé bí kọ̀ǹpútà bá fi lẹ́tà tò ó, ó ti fi ìgbà tò ó náà nìyẹn. Nọ́ńbà ẹ̀dà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. `2.10` á ṣáájú `2.9` bí ẹ bá fi `sort` lásán tò ó. `sort -V` ló mọ̀ pé mẹ́wàá ju mẹ́sàn-án lọ.

Òfin tí n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni rú nínú àká tí mo bá ń bójú tó rèé: orúkọ tí ó bá ti jáde síta, ohun inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ yí padà mọ́ láé. Kódà kó jẹ́ àṣìkọ lẹ́tà kan lẹ ṣe àtúnṣe rẹ̀, ẹ fún un ní nọ́ńbà tuntun. PyPI, níbi tí àwọn tó ń fi Python ṣiṣẹ́ ti ń gba ohun èlò wọn, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún orúkọ fáìlì kan lò, kódà bí ẹni tó ni ín bá ti pa èyí àkọ́kọ́ rẹ́. Ó le, ṣùgbọ́n ó tọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìwé àpèjúwe lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì kọ̀ọ̀kan

Ní ayé BBS, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí àwọn ènìyàn ń fi tẹlifóònù kàn sí láti gba fáìlì, fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ `FILE_ID.DIZ` ni wọ́n máa ń dì mọ́ sọ́fíwià: ìlà 10, ìlà kọ̀ọ̀kan kò ju àmì 45 lọ. Sọ́fíwià tó ń gbé BBS ró á yọ ọ́, á sì fi í ṣe àpèjúwe lójú ẹsẹ̀. Aminet, àká sọ́fíwià kọ̀ǹpútà Amiga tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992, gba ọ̀nà mìíràn: gbogbo fáìlì ló ní `.readme` tó jókòó tì í. Ti Aminet ló wù mí jù, torí ẹnikẹ́ni lè ka àpèjúwe náà láìjẹ́ pé ó daunlóòdù fáìlì ńlá, script (ètò kékeré) tí yóò máa kọ atọ́ka sì lè kà á láìjẹ́ pé ó tú ohunkóhun.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ `olukawe-2.4.1-linux-x86_64.tar.gz`, ẹ fi fáìlì kan tó ń jẹ́ `olukawe-2.4.1-linux-x86_64.tar.gz.txt` sí i:

    Oruko: olukawe
    Eda: 2.4.1
    Ojo: 2024-03-07
    Ero: linux-x86_64
    Laisensi: GPL-3.0-or-later
    Orisun: https://example.org/olukawe/
    Ipo: lowolowo
    Apejuwe: Ó ń ṣí ìwé EPUB àti PDF, ó sì ń kà wọ́n sókè. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìlà `Laisensi` kì í ṣe ibi ìtàn. Ẹ lo orúkọ kúkúrú tó wà nínú àkójọ orúkọ láísẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní SPDX, torí pé "GPL" lásán kò sọ bóyá ẹ̀dà kejì ni tàbí ẹ̀kẹta. `Orisun` ni ibi tí ẹ ti rí fáìlì náà gbà. Bí ó bá ti bọ́ lọ́wọ́ yín lónìí, ó ṣòro láti padà mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ọdún márùn-ún. `Ipo` ni ìlà tó ń rọ́pò gbogbo fódà `old`, `beta` àti `new` tí a lé dànù lẹ́ẹ̀kan: ó lè jẹ́ `lowolowo`, `atijo`, `idanwo` tàbí `lewu`, ẹ sì lè yí i padà nígbàkigbà kí líǹkì kankan má ṣe bàjẹ́.

`Apejuwe` ló ń gba làákàyè jù. "Sọ́fíwià tó dára gan-an, tó sì yára" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, torí kò sí ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ náà "dára" wá nǹkan. Ẹ kọ ohun tí sọ́fíwià ń ṣe, irú fáìlì tó ń ṣí, ohun tó gbọ́dọ̀ ti wà lórí kọ̀ǹpútà kó tó lè ṣiṣẹ́. Ẹ ro ọ̀rọ̀ tí ẹni tí kò mọ orúkọ sọ́fíwià náà máa tẹ̀ sínú àpótí ìṣàwárí, kí ẹ sì rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: checksum àti ìfọwọ́sí

Nínú fódà ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe fáìlì `SHA256SUMS` tó ní checksum gbogbo fáìlì inú rẹ̀. Ẹni tó bá gba ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn á yẹ̀ ẹ́ wò báyìí:

    sha256sum -c --ignore-missing SHA256SUMS

Ẹ má lo MD5, irú checksum àtijọ́ kan. Láti 2004 ni àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé ohun méjì tó yàtọ̀ lè ní MD5 kan náà. SHA-1 náà ti lọ: ní 2017, Google àti iléeṣẹ́ ìwádìí CWI ní Amsterdam gbé fáìlì PDF méjì jáde tí SHA-1 wọn dọ́gba.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé checksum tó wà lórí sáfà kan náà pẹ̀lú fáìlì kò lè gbà yín lọ́wọ́ olè. Ẹni tó bá lè pààrọ̀ fáìlì lè pààrọ̀ checksum rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2003, iṣẹ́ àkànṣe GNU kéde pé ẹnì kan ti wọ sáfà FTP wọn láti oṣù Kẹta ọdún náà, láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Wọ́n ní láti máa fi fáìlì wọn wé checksum tó wà níbòmíràn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ di dandan pé kí ẹni tó bá ń gbé fáìlì wọlé fi GPG, sọ́fíwià tó ń fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí ṣe ìfọwọ́sí, fọwọ́ sí i.

Nítorí náà, ẹ fọwọ́ sí `SHA256SUMS` pẹ̀lú GPG, kí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ fi fọwọ́ sí i má sì gbé lórí sáfà tó dojú kọ ayé. Ẹ ṣe é lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ kàn gbé `SHA256SUMS.asc` lọ síbẹ̀. Bí ẹ bá ń tẹ orísun kóòdù kan jáde gẹ́gẹ́ bíi `.tar.gz` àti `.tar.xz`, ọgbọ́n kan wà lọ́dọ̀ kernel.org, níbi tí wọ́n ti ń gbé kóòdù Linux jáde: `.tar` tí wọn kò tíì fún pọ̀ ni wọ́n ń fọwọ́ sí, kí ìfọwọ́sí kan lè tó fún méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: atọ́ka

Ẹ̀rọ ni kó máa kọ atọ́ka. Atọ́ka tí a ń fọwọ́ kọ á bá fáìlì mu lọ́jọ́ tí a kọ ọ́, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ díẹ̀díẹ̀. Script á rìn gba inú `pub/` kọjá, á ka gbogbo ìwé àpèjúwe, á wọn fáìlì, á mú checksum rẹ̀, á sì kọ ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí script náà má ṣe ṣojú àánú: bí ó bá rí fáìlì tí kò ní àpèjúwe, tàbí àpèjúwe tí fáìlì rẹ̀ kò sí, kó dúró, kó sì pariwo. Èyí tó bá ń fò ó kọjá láìsọ̀rọ̀ ni kì í jẹ́ kí a mọ̀ pé nǹkan ti sọ nù.

Irú atọ́ka mẹ́ta ló tó fún ọ̀pọ̀ àká. Èkíní ni ti ẹ̀rọ, `INDEX.tsv` ní gbòǹgbò àká, pẹ̀lú `INDEX.tsv.gz` fún ẹni tí dátà rẹ̀ kò pọ̀. Kó ní àdírẹ́sì, ìwọ̀n ní byte, SHA-256, ọjọ́, ẹ̀dà, irú ẹ̀rọ, láísẹ́ǹsì, ipò àti àpèjúwe, kí tab pín wọn níyà. Èkejì ni `00INDEX.txt` nínú fódà sọ́fíwià kọ̀ọ̀kan, tí ènìyàn lè kà. Òdo méjì iwájú yẹn ló ń jẹ́ kó bọ́ sókè nígbà tí sáfà bá to orúkọ. Ẹ̀kẹta ni àkójọ ohun tó dé láìpẹ́, tí a fi ọjọ́ tò, tí tuntun wà lókè. Òun ni àwọn oníbàárà àtìgbàdégbà yín máa ń kà jù.

Àwọn àká àtijọ́ máa ń gbé `ls-lR.gz` síta, ìyẹn orúkọ gbogbo fáìlì inú àká pọ̀ lójú kan. Irú àkójọ orúkọ bẹ́ẹ̀ ni Archie, tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì McGill ní Kánádà ní 1990, kó jọ láti ọ̀dọ̀ àwọn sáfà FTP, kí ènìyàn lè wá fáìlì láìmọ sáfà tó wà. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan ni Archie mọ̀. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ fáìlì kò rí nǹkan kan. Ohun tí ìlà `Apejuwe` wà fún nìyẹn.

Bí ẹ ṣe ń gbé atọ́ka jáde ṣe pàtàkì bí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ lé orí èyí tó wà níbẹ̀, torí ẹni tó bá ń kà á lọ́wọ́ á gba ìdajì. Ẹ kọ ọ́ sí orúkọ mìíràn nínú fódà kan náà, kí ẹ tó fi `mv` rọ́pò:

    ./se-atoka pub > pub/.INDEX.tsv.tuntun && mv pub/.INDEX.tsv.tuntun pub/INDEX.tsv

Níwọ̀n ìgbà tí méjèèjì bá wà lórí filesystem kan náà, ìṣẹ́jú àáyá kan kò sí tí atọ́ka yóò wà láàbọ̀. Tí ẹ bá ń fi fáìlì kún àká, fáìlì ni kó kọ́kọ́ dé, kí atọ́ka tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá ń yọ ọ́, atọ́ka ni kó kọ́kọ́ gbàgbé rẹ̀. Àwọn mirror náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ètò yìí, ìdí sì nìyẹn tí mirror Debian fi ń ṣe rsync ní ìpele méjì: fáìlì lákọ̀ọ́kọ́, àkọsílẹ̀ lẹ́yìn.

Bí ẹ bá fẹ́ kí sáfà fúnra rẹ̀ máa fi ohun inú fódà han ènìyàn, ẹ ṣọ́ gígùn orúkọ. Apache máa ń gé orúkọ gígùn kúrú bí ẹ kò bá sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀:

    IndexOptions FancyIndexing NameWidth=*

nginx náà ń gé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ tirẹ̀ lè gùn díẹ̀ sí i. Nọ́ńbà ẹ̀dà àti irú ẹ̀rọ, tó wà ní ìdí orúkọ, ló máa ń kọ́kọ́ pòórá.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ̀dà àtijọ́ àti yíyọ fáìlì

Ẹ fi ẹ̀dà àtijọ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní kọ̀ǹpútà tí tuntun kò lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, àwọn kan sì ń wá ibi tí àléébù kan ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2016, ẹnì kan yọ left-pad, kóòdù tí kò ju ìlà 11 lọ, kúrò lórí npm, àká kóòdù JavaScript, iṣẹ́ sì dúró lọ́wọ́ àìmọye àwọn tó ń kọ sọ́fíwià títí wọ́n fi dá a padà. Ẹ ò lè mọ ẹni tó gbára lé fáìlì yín.

Bí ẹ̀dà kan bá ní àléébù tó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá, ẹ yí `Ipo` rẹ̀ sí `lewu`, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sínú àpèjúwe. Kí atọ́ka má ṣe dábàá rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́, ṣùgbọ́n kí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ pàtó ṣì lè rí i. Kìkì nígbà tí òfin bá ní kí ẹ yọ ọ́, tàbí tí fáìrọ́ọ̀sì bá wà nínú rẹ̀, ni kí fáìlì náà fúnra rẹ̀ kúrò. Nígbà yẹn pàápàá, ẹ jẹ́ kí ìwé àpèjúwe wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ìdí, kí script gbà á fún `Ipo: ayokuro`, kí sáfà sì dáhùn 410, tó túmọ̀ sí pé a mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni. 404 á jẹ́ kí wọ́n rò pé líǹkì ló bàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: àyẹ̀wò

Ẹ fi cron, ohun tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní àkókò tí ẹ bá dá fún un, sí i kí ó máa ṣe `sha256sum -c` fún gbogbo fódà lóṣooṣù, kó sì kọ̀wé sí yín kìkì tí nǹkan kan bá kùnà. Dísìkì máa ń ba fáìlì jẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Àdírẹ́sì `ftp://` ti kú fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, torí Chrome àti Firefox yọ ọ́ kúrò ní 2021. HTTPS fún àwọn tó ń daunlóòdù, rsync fún mirror.

Ní ìparí, ẹ pe ẹnì kan tí kò rí àká náà rí, ẹ ní kó wá ẹ̀dà tó ṣáájú ti lọ́wọ́lọ́wọ́ fún irú kọ̀ǹpútà kan tí ẹ bá mú, kó gbà á, kó sì yẹ checksum rẹ̀ wò. Ẹ dákẹ́, kí ẹ máa wo ibi tí ó ti dúró láti ronú. Ibẹ̀ lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.